Ohùn Tó Wà Lórí Àwo Irin Gbígbóná

“Lọ́jọ́ tí mo ké orin inú téèpù yìí, ọkọ̀ ojú irin tó ti kúrò ní ìdíkọ̀ fẹ̀yìn rìn padà kó lè gbọ́ ìparí ẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní kí n tún un ké.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àbùmọ́ bá ọmọbìnrin agé-àwo sọ láyé nìyẹn, kó tó rántí pé òun ò tíì kí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, òógùn bò ó, ó gbá téèpù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Agé-àwo gbójú sókè níbi ẹ̀rọ ẹ̀. Yàrá náà kéré, kò ní fèrèsé, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri ẹ̀ látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni pé kó máa fi abẹ́rẹ́ kékeré kan gé orin sára àwo dúdú rírọ̀, ìlà kan ṣoṣo tó ń yí kiri títí dé àárín. Lára àwo yẹn ni àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà ti máa ń tẹ gbogbo àwo tí wọ́n bá fẹ́ tà. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, orin bàjẹ́ nìyẹn.

“Ẹ̀yin lẹ ké e?” ó bi í.

“Èmi náà ni.”

“Ọkọ̀ ojú irin wá fẹ̀yìn rìn.”

“Ó tún ń fọn fèrè bọ̀ ni.”

Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gba téèpù, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì. Àbùmọ́ ò gbọ́ nǹkan kan níbi tó dúró sí, àmọ́ ó rí i tí irun apá ọmọbìnrin náà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i tó pa ojú dé. Ó rí i tí ẹ̀rín músẹ́ kan yọ lẹ́nu ẹ̀ bí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ kan.

Ibẹ̀ ni ayé Àbùmọ́ ti yí padà. Ọkàn ẹ̀ fò jáde láyà, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, títí dòní ẹnikẹ́ni ò tíì rí i mú.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló ké orin náà.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ké e. Wẹ́dà ni bàbá wọn kó tó kú, ṣọ́ọ̀bù onípáànù tó fi ń jó irin ló sì fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni ẹ̀gbọ́n yìí, ohùn ẹ̀ sì kéré débi pé tó bá fẹ́ pe ọmọ wá jẹun, àfi kó fọwọ́ júwe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni sìlíńdà gáàsì yí gbirigbiri bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Igbe tí obìnrin náà ké, àwọn ẹyẹ tó wà lójú ọ̀run bà sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì títì sáré wọlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. “Ta ló ké yẹn?”

“Ẹ má bínú,” ẹ̀gbọ́n fèsì wẹ́rẹ́. “Sìlíńdà ni.”

“Ẹ má bínú kẹ̀? Ẹ tún un ké! Mo ní gìtá nílé.”

Bí ilé-iṣẹ́ àwo tí wọ́n ń pè ní Irin Gbígbóná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Atún-kẹ̀kẹ́-ṣe ń ta gìtá oníná tó ń kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù tí sàlẹ́ńsà ẹ̀ ti já. Bíríkìlà kan ń lu ìlù jáàsì bí ẹni tí ń wó ògiri tó fúnra ẹ̀ mọ. Páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n rìrì tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n á dúró láàárín, á so irun, á bọ́ gíláàsì ojú, á wá fi ohùn inú ilẹ̀ ké. Wọ́n gbé orin náà lọ bá gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọ̀gá kan gbọ́ ọ tán pátápátá, ó ní, “Ó dáa. Ìgbà wo lorin máa wá bẹ̀rẹ̀?” Wọ́n bá fúnra wọn dá tiwọn sílẹ̀.

Wọn kì í kọ orúkọ sára páálí àwo, wọn kì í sì fi àwòrán síbẹ̀, torí bí ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi bá mọ ohun tí tíṣà ẹ̀ ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú nìkan ni wọ́n máa ń kọ. Gìtá: atún-kẹ̀kẹ́-ṣe. Ìlù: bíríkìlà. Igbe: ẹni tó ké e.

Àbùmọ́ ò mọ gìtá ta, kò mọ ìlù lù. Tó bá kọrin, ọmọ kékeré á gbé ife omi wá fún un. Òun ló ń kun páálí, òun ló ń tẹ máìkì àti téèpù, òun ló ń fi báàgì gbé àwo kiri tà, òun náà ló sì ń gbé téèpù lọ fún agé-àwo. Wọ́n kọ “ẹni tó ké e” síbẹ̀, wọn ò kọ ta ni. Àbùmọ́ rí àyè yẹn, ó jókòó síbẹ̀ bí ọba.

Ìlú tí agé-àwo ń gbé jìnnà. Bí àwo tuntun bá wà láti gé, Àbùmọ́ á wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí kò bá sí, kò sí ohun tó máa lọ ṣe níbẹ̀. Fóònù wà níbi iṣẹ́ ọmọbìnrin náà lóòótọ́, ọ̀gá ẹ̀ ló jókòó tì í bí adìyẹ tó sàba.

Àárò wá sọ Àbùmọ́ di ilé. Ó ń jẹun, àárò. Ó ń fọ eyín, àárò. Ó mí ìmí ẹ̀dùn kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, páànù ṣí kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù, àwọn aládùúgbò ń ká aṣọ wọlé, wọ́n rò pé ìjì ń bọ̀.

Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbé àwo jáde torí owó. Irin Gbígbóná ń gbé àwo jáde torí pé àárò ń pa ẹnì kan. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló mú kí ṣọ́ọ̀bù páànù kan gbé àwo jáde ju ilé-iṣẹ́ alájà mẹ́wàá lọ, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ké díẹ̀ sí i.”

“Ọ̀fun ń dùn mí.”

“Ẹ mu omi gbígbóná.”

“Mo ti mu odò kan tán! Àwo tàná ò tíì gbẹ, o ti ń bèèrè òmíràn. Ṣé àwo lo fẹ́ ni àbí ẹni tó ń gé e?”

Àbùmọ́ gbójú sókè, ó ń wo òrùlé. “Orin ni mo fẹ́ràn ní tèmi.”

“Olórin,” bíríkìlà dá a lóhùn látẹ̀yìn ìlù. “Ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná. Ta ló ń fín lọ́fínńdà lọ gé àwo?”

Agé-àwo náà ò jókòó lásán. Láàárín gbùngbùn àwo, níbi tí orin ti tán, ibi kan wà tó ń dán tí kò ní orin kankan. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń gé àwo máa ń fi abẹ́rẹ́ ha nọ́ḿbà sí. Nígbà tí àwọn àwo tuntun dé láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n, Àbùmọ́ gbé ọ̀kan síwájú iná, ó rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà, ọwọ́ kékeré kan ti ha á pé: Ṣé o délé ire?

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé àwo kejì, bákan náà. Ó gbé ẹ̀kẹta. Gbogbo àwo tó wà nínú páálí ló ń bi í bóyá ó délé ire.

Kò sì sí bó ṣe máa dáhùn, àfi kó gbé téèpù tuntun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀. Lórí àwo tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin náà ha á pé: Mú agboòrùn dání. Lórí òmíràn: O ti rù. Lórí òmíràn: Ọjọ́ ti pẹ́ jù.

Ohun tí kò sẹ́ni tó ro nínú àwọn méjèèjì ni pé gbogbo ẹni tó bá ra àwo ló máa rí i. Àwọn olólùfẹ́ orin náà, àwọn géńdé onírungbọ̀n tó wọ aṣọ awọ dúdú látòkè dé bàtà, gbé e kà, wọ́n mi orí. Ó yé wọn pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Ọkùnrin kan tó sanra bí ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́ fín MÚ AGBOÒRÙN DÁNÍ sí ẹ̀yìn ara ẹ̀. Ìwé ìròyìn kan sọ pé agboòrùn yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀.

Bí Àbùmọ́ bá dé yàrá fóòmù yẹn, wọ́n á pín búrẹ́dì, wọ́n á mu tíì nínú ife kan, ẹ̀rọ á máa gé orin lọ.

“O ò jọ ẹni tó ké igbe yìí,” agé-àwo sọ lọ́jọ́ kan.

Àbùmọ́ gbé ife tíì sílẹ̀. “Báwo lẹni tó ké e ṣe ń rí?”

“Mi ò mọ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ wà nínú ẹ̀.”

“Ó wà nínú mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo gbé e sí, lábẹ́ búrẹ́dì.”

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà, ó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, àwo kan lọ báyẹn. Ó gbé òmíràn sórí ẹ̀rọ, ó ń nu omi ojú.

“Má dákẹ́,” ó ní. “Sọ òmíràn.”

“Òmíràn kí ni?”

“Irọ́.”

“Èmi? Irọ́? Adúmáradán, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ẹ̀.”

Àmọ́ tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, tó bá ti fi nǹkan bo etí, tó pa ojú dé, ó ti lọ nìyẹn. Àbùmọ́ á jókòó sórí àpótí, á máa wo ojú yẹn, á máa rò ó pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe òun. Ẹ wo ọkùnrin tó ń jowú tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi! Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e padà, á fi iwájú orí ti gíláàsì, á máa gbìyànjú láti ké wúyẹ́wúyẹ́, ohun tó máa ń jáde ni ohùn ewúrẹ́ tó ní kátá. Arúgbó kan bun ún ní súìtì tó ń tu ọ̀fun lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó yá, ọkùnrin onítáì kan dé ṣọ́ọ̀bù láti ilé-iṣẹ́ àwo ńlá kan. Ó fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó.

“A fẹ́ gba Irin Gbígbóná mọ́ra,” ó ní. “A máa fi àwòrán yín síwájú àwo, a máa kọ orúkọ yín gàdàgbà. A sì ní ẹ̀rọ tí ń gé àwo fúnra wa. Ẹ ò ní gbé téèpù rìnrìn-àjò mọ́ láyé.”

Ojú ẹ̀gbọ́n yí padà nígbà tó gbọ́ àwòrán. Àbùmọ́ ní tiẹ̀, gbólóhùn ìkẹyìn nìkan ló gbọ́, ó sì dà bí ẹni gbọ́ òkú ara ẹ̀.

“Kò lè ṣeé ṣe,” ó ní.

“Kí ló dé?”

“Kámẹ́rà tó bá ya ẹni tó ń ké fún wa, sísunkún ló ń sunkún. Èyí tó yà á kẹ́yìn ṣì wà ní ọsibítù.”

Ọkùnrin onítáì wò wọ́n títí, ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n jókòó ti àbúrò ẹ̀. “O ṣeun. Àmọ́ mo mọ̀ pé torí tèmi nìkan kọ́ lo ṣe lé e lọ. Ọmọ ìyá mi, gba ìlú yẹn lọ. Lọ sọ fún un. Jẹ́ kí ọ̀fun mi sinmi.”

Àbùmọ́ lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò gbé téèpù dání. Agé-àwo wo ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì tó ṣófo.

“Téèpù dà?”

“Kò sí. Èmi nìkan ni mo wá. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Láti àwo kejì ni mo ti ń dúró dè ẹ́, aláròyé mi. Dìgbà wo lo rò pé mo máa dúró?” Ó di ọwọ́ òfìfo yẹn mú. “Àmọ́ màmá mi ni kó o lọ bá. Tí màmá mi bá ní rárá, mi ò ní lè ṣe é. Mo fẹ́ kó o mọ̀.”

Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ọmọbìnrin náà. Ohun tí ìyá bá sọ lòun náà máa ń sọ. Agbẹ̀bí ni ìyá, ó ti gba ọmọ gbogbo àdúgbò, àtọmọ àwọn ọmọ. Ó gbé àwo Irin Gbígbóná kan jókòó sórí itan bí ẹni mú olè.

“Ìwọ lo ké nínú eléyìí?”

“Èmi ni mà.”

“Mo ti gbọ́ igbe obìnrin láyé mi ju òjò lọ. Obìnrin ló wà nínú àwo yìí. Kí lẹ jọ jẹ́?”

“Mà, èmi ni.”

“Ọmọ mi ò ní wọ ilé tí obìnrin kan ti ń ké níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, wá ké e ní pálọ̀ yìí lọ́sàn-án Sátidé, kí n fojú ara mi rí i, ọmọ mi di tìẹ. Bí kì í bá ṣe ìwọ, má gba ojúlé yìí kọjá mọ́.”

“Bó ṣe rí nìyẹn,” bàbá ní.

Òótọ́ wà lẹ́nu Àbùmọ́, ó ti dé eyín. Ó bojú wo agé-àwo. Ó rántí bó ṣe máa ń pa ojú dé. Bí òun bá gba igbe yẹn kúrò lára òun, kí ló kù tí ọmọbìnrin máa fẹ́? Ọkùnrin kan tó ń gbé báàgì kiri. Ó gbé òótọ́ mì padà.

“Mo máa ké e mà. Ẹ sáà di fèrèsé yín mú.”

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níta, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ náà, láàárín òdòdó, ó ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀gá òun má kọjá. Àdéhùn wọn ni pé bí Àbùmọ́ bá ti fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀.

Nínú pálọ̀, ìyá jókòó, bàbá jókòó, agé-àwo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, oòrùn ń tàn sí i lójú. Àbùmọ́ tú bọ́tìnì ọrùn. Ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ó la ẹnu gbàgà bí ẹnu gáréèjì.

Igbe jáde! Àwọn ife tó wà lórí tábìlì to ara wọn, wọ́n ń jó. Aago ara ògiri padà sí àná. Ajá aládùúgbò ronú pìwà dà. Bàbá di apá àga mú bí ìgbà tó ṣì ń wa ọkọ̀ lọ́nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyá sún síwájú, ojú ẹ̀ ò kúrò lẹ́nu Àbùmọ́, ẹnu Àbùmọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó bá igbe mu régí. Ìyá ti ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ti fẹ́ gbà.

Àbùmọ́ wá ṣèèṣì wo agé-àwo.

Ó ti pa ojú dé. Inú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn nìkan ló ti máa ń rí ojú yẹn tẹ́lẹ̀. Kò tíì rí i nínú oòrùn rí. Irun ìpéǹpéjú ẹ̀ ń gbọ̀n. Omijé kan dúró sétí ojú ọ̀tún, kò jábọ́. Àbùmọ́ gbàgbé ìyá. Ó gbàgbé orin, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó ń wo ilé láti orí omi. Ó pa ẹnu dé. Ó mí kanlẹ̀.

Igbe ń lọ.

“Ọkọ ìyàwó,” ìyá pè é.

Kò gbọ́.

“Ọkọ ìyàwó! O ti panu dé. Igbe ò tíì tán.”

“Ó lè jẹ́ pé imú ló gbé e gbà,” bàbá gbà á nímọ̀ràn.

Ìyá ti dé fèrèsé, ó ti ṣí i gbàgà. Igbe já lójijì. Láàárín òdòdó, obìnrin kan dìde, ó gbé gíláàsì ojú wọ̀, ó gbọn ewé kúrò lára yẹ̀rì.

“Ẹ káàsán mà,” ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. “Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí. Àbúrò mi nìyẹn, ọmọ ìyá kan náà.”

Nígbà tí wọ́n máa fi yíjú padà sí pálọ̀, kò sí Àbùmọ́ mọ́. Ilẹ̀kùn ṣì ń mì. Bàtà ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò dúró wọ̀ ọ́.

“Eré nìyẹn o!” bàbá ní. “Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo wà, kò sí èyí tó lè bá a.”

Agé-àwo ti lajú. “Ibo ló wà?”

“Ó sá,” ìyá dáhùn. “Òpùrọ́ ni. Kì í ṣe òun.”

“Màmá, mo ti mọ̀ tipẹ́.” Ó ti dìde dúró. “Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ lórí gbogbo téèpù, ohùn tiẹ̀ ló máa ń wà níwájú. ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe tán? Ẹ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ o, ẹ ké!’ Èmi ni mo máa ń gé ìyẹn kúrò. Mi ò jù ú nù. Mo so gbogbo ẹ̀ pọ̀, tí ọkọ̀ ojú irin bá ti gbé e lọ, ìyẹn ni mo máa ń gbọ́ títí á fi tún dé. Igbe dára. Àmọ́ ohùn tó fi ń parọ́ fún mi ni mò ń fẹ́.”

Ìyá wo ẹ̀gbọ́n, ó wo ọmọ ẹ̀, ó wo bàtà.

“Kí lo wá ń dúró sọ fún mi sí? Sáré!”

Agé-àwo bọ́ sí títì. Àbùmọ́ ti jìnnà, ó ti kéré bí èèrà, ó ń gbé eruku lẹ́sẹ̀ òfìfo lọ síbi kọ́nà. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó fi gbogbo agbára tó ní pè é, pé kó dúró, pé òun ti mọ̀, pé kó padà wálé.

Àbùmọ́ gbọ́ ọ níbi kọ́nà pé obìnrin kan ń ké tẹ̀ lé òun. Ó rò pé ìyá ni. Ó fi kún eré.